Ilé ní Ìkòròdú, Ilé Ìwé ní Erékùṣù

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Títílayọ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá kò tó mi. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Káyọ̀dé ń sunkún, Ṣẹ́gun ń bi ọ́ níbi tí o fi kọ́kọ́rọ́ sí, èmi náà sì ń sọ pé "ó dáa, ó dáa" bí ẹni tó ti gbà. N kò tíì gbà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé, kí ẹnì kankan má baà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu. Tí mo bá parí rẹ̀, màá ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Jọ̀ọ́, kà á nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí o sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ sọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe fún àwọn aláìsàn mi kí n tó fọwọ́ kan ojú wọn. Ẹ ń kó kúrò ní Ìbàdàn lópin oṣù yìí. Ṣẹ́gun ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní Ìkòròdú, ìwọ náà ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ní Oníkan. Ẹ ti rí ilé ní Ìkòròdú. Ó ní àgbàlá, ó ní kànga, kò sì jìnnà sí ibi iṣẹ́ Ṣẹ́gun. Títí dé ibẹ̀, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí Ṣadé, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa bá ọ wọ Èkó láràárọ̀, kí ó lè lọ sí ilé ìwé tí ìwọ náà lọ ní Erékùṣù. Tó bá di ọ̀sán, yóò wá sọ́dọ̀ mi, yóò jẹun, yóò ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, ìwọ yóò sì wá mú un tí o bá kúrò níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ilé ìwé fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu wa.

Èmi ni mo bá yín wá àyè yẹn, n kò gbàgbé. Èmi ni mo lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé, tí mo jókòó tì í títí ó fi kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Nítorí náà, má ṣe rò pé ìyá rẹ kàn fẹ́ ṣe àtakò ni. Ara mi gan-an ni mo ń ta kò.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ délẹ̀. Ìwọ rántí díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọ́.

Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, yàrá méjì ni èmi àti bàbá rẹ ní nínú ilé ẹbí yìí, àwọn ìbátan wa sì kún gbogbo yàrá tó kù. A ní a fẹ́ afẹ́fẹ́. A lọ wo ilé kan ní Ìpájà lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀nà dá wáí. Bàbá rẹ wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí a ṣe dé ẹnu géètì.

"Dókítà, ìṣẹ́jú márùndínlógójì! Ṣé o rí i? Kò jìnnà rárá."

"Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan gan-an tó," ni mo dá a lóhùn.

Kò sí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí a kà, tó rántí pé ọjọ́ Àìkú ni.

A kó lọ. Ṣùgbọ́n a kò yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé. Ìyá ìyá mi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Brasíìlì dé, ti lọ síbẹ̀. Ìyá mi lọ, èmi náà lọ. Lójú tiwa, ọmọ tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwé. A sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí èmi àti bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, kí ni ìṣòro níbẹ̀? Ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé wa.

Ní sáà kejì, tíṣà rẹ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú ma. Títí kì í kọ ohun tó wà lójú pátákó tán. Bóyá kò ríran dáadáa ni."

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ ojú ni, mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, mo kán oògùn sí ọ lójú, mo ní kí o ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri. O ka mẹ́ta, o fo ẹ̀kẹrin. Mo rí àléébù kékeré kan, irú èyí tó wà lójú ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò sì nílò nǹkan kan. Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni, ǹ bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa mú un lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ni. Mo kọ gíláàsì fún ọ.

O wọ̀ ọ́ bí oṣù kan. Lọ́jọ́ kan tí ilé ìwé yín kò wọlé, mo mú ọ dání lọ síbi iṣẹ́. O jókòó sórí bẹ́ńṣì, gíláàsì wà lójú rẹ, o sùn lọ fọnfọn láàárín àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì kan báyìí tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó dúró, ó wò ọ́.

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ni ọmọ yìí ń jí?"

"Aago mẹ́rin ààbọ̀."

"Ti ìdájí?"

"Ṣé ti ìrọ̀lẹ́ ni èèyàn ń jí ni, Àdùkẹ́?"

"Ẹ má bínú ma. Aago mélòó ló ń sùn?"

Mo ní láti rò ó kí n tó dáhùn. "Mẹ́sàn-án. Tí ọ̀nà kò bá dáa, mẹ́wàá."

Ó rọra bọ́ gíláàsì lójú rẹ, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó kó o lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ni dókítà o. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń jẹ́ kí ọmọ sùn ná, ká tó wá ohun tó ń ṣe é."

Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o jí, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé oorun ń kùn ọ́. O ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀, Màmi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń jí mi." Lẹ́yìn náà o bẹ̀ mí pé kí n dá gíláàsì náà padà fún ọ, nítorí pé tí o bá wọ̀ ọ́ tí o sì dijú, Antí kì í tètè mọ̀.

Títí, ó lé ní ogún ọdún tí mo fi wo ojú àwọn èèyàn ní ìlú yìí lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ṣe iṣẹ́ abẹ tí n kò ní gbàgbé. Kò sí èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà sọ fún mi lórí bẹ́ńṣì yẹn. Síbẹ̀ ọdún kan gbáko tún kọjá kí a tó kó padà wálé, torí pé ojú ń ti èmi àti bàbá rẹ láti sọ fún ẹbí pé a ti ṣì í.

Ní báyìí, gba ìmọ̀ràn mi. Mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o má baà sọ pé mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Èkínní. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ fi wo ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ lọ wo ilé Ìkòròdú. Ṣẹ́gun ló sọ fún mi. Nítorí náà mo ti bá yín lọ wò ó lọ́jọ́ iṣẹ́. Ìrìn àjò tí mo sọ pé mo fẹ́ fi kí ọ̀rẹ́ mi ní Ìkòròdú, òótọ́ ni pé mo kí i, ilé rẹ̀ ni mo sùn lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ Ajé, mo lọ dúró sẹ́nu géètì ilé tí ẹ fẹ́ gbà, mo wo aago, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ẹni pé èmi ni mo ń lọ síbi iṣẹ́ ní Oníkan.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé èbúté ọkọ̀ ojú omi, mo tò sórí ìlà. Obìnrin kan wà níwájú mi, télọ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Apọ́ngbọ̀n. Ó wò mí títí.

"Mọmi, ẹ ò kí ń ṣe ará ibí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Aago lẹ̀ ń wò. Àwa tí à ń gbé ibí, ojú ọ̀run là ń wò. Tó bá ṣú báyìí, ọkọ̀ ò ní gbéra, gbogbo wa á sá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ yẹn, ká kàn gbàgbé ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fara tì í, ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó ti sùn lórí ìdúró.

"Ọmọ yìí ń sùn," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ kó sùn, ibí ló ti ń parí ẹ̀. Èkó ló ń lọ ilé ìwé, lẹ́sìn ìsinmi ni wọ́n ń ṣe báyìí. Tíṣà ní orí ẹ̀ pé o, àfi pé kò kí ń yára." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún fìlà bèrè tó wà lórí ọmọ náà ṣe. "Mọmi, ẹ jókòó s'áàrin ọkọ̀ o. Iwájú máa ń gbọ̀n."

Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo ronú ohun tí mo lè sọ títí a fi dé Èbúté Èrò, n kò sì rí i sọ, torí pé mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ. Láti ẹnu géètì yín dé Oníkan, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogójì. Fún àgbàlagbà, ìyẹn ṣeé fara dà. Nígbà tí mo fẹ́ padà ní ìrọ̀lẹ́, òjò ti ṣú, ọkọ̀ ojú omi kò lọ mọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mo kúrò ní Oníkan. Aago mẹ́jọ ti lù kí n tó rí géètì yín. Ọjọ́ méjèèjì ni ìwọ yóò máa rí, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Má ṣe fi èyí tó dára nìkan ṣírò.

Èkejì. Ṣírò oorun ọmọ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọmọ ọdún mẹ́fà nílò bíi wákàtí mẹ́wàá, àwọn mìíràn nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kó Ṣadé dé ilé ìwé ní aago méje ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Kí ó lè jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ pẹ̀lú oorun tó pé, ó gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, níbo ni yóò wà? Lórí omi, tàbí lórí afárá. Kò sí bí a ṣe lè tún un ṣírò tí yóò bọ́ sí i. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Nítorí náà, kí àgbàlagbà máa rìn, kí ọmọ kàwé níbi tó ti ń sùn.

Ẹ̀kẹta. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: "Màmi, ìwé ibẹ̀ kò lè tó ti Erékùṣù." Mo sọ bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà mo fi gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo ilé ìwé mẹ́ta tí kò jìnnà sí ilé yín. Wọ́n ń ṣe lẹ́sìn ìsinmi, ẹ̀kọ́ àfikún, lọ́wọ́, àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ lẹ́wà gan-an. Ẹni tó ni ín fẹ́ fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn mí, ṣùgbọ́n wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Eruku tó wà lórí àgádágodo yẹn, bóyá láti ọdún tó kọjá ni. Ní èkejì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé àwọn ọmọ. Wọ́n fi àmì pé "ó dára" sí gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ọmọ ti kọ àròpọ̀ rẹ̀ tì. Tíṣà tó bá ń kà á kò ní fi àmì yẹn síbẹ̀.

Ilé ìwé kẹta kéré. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Kò ní yàrá ìkàwé, pápá ìṣeré rẹ̀ kò tó nǹkan, omi sì máa ń dúró lójú ọ̀nà rẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Mo bọ́ bàtà kí n tó wọlé. Ṣùgbọ́n mo dé ibẹ̀ ní àkókò tí wọ́n ń jáde, torí ìgbà yẹn ni a máa ń rí òótọ́ ilé ìwé. Ọ̀gá wọn, obìnrin kúkúrú kan, dúró sẹ́nu géètì, ó ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì mọ ẹni tó wá mú un. Nínú kíláàsì, fèrèsé wà lápá òsì àwọn ọmọ, kí òjìji ọwọ́ wọn má baà bo ohun tí wọ́n ń kọ. Pátákó wọn kì í dán. Mo béèrè ẹni tó to kíláàsì náà bẹ́ẹ̀, ó ní òun ni. Ìwé àwọn ọmọ kún fún àtúnṣe. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́, omi sì wà níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé ọmọ ọmọ mi lè fẹ́ wá. Kò sọ̀rọ̀ owó, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí wọ́n gbà níbi ìdíje. Ó ní, "Mọmi, ta ni yóò máa wá mú un?"

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló béèrè. Lọ wò ó fúnra rẹ. Má gba ti ẹnu mi.

Ẹ̀kẹrin, torí pé ìbéèrè obìnrin yẹn nílò ìdáhùn. Ṣẹ́gun ni. Aago mẹ́rin ló ń kúrò níbi iṣẹ́, ilé ìwé náà sì ń ṣe lẹ́sìn títí di àkókò yẹn. Tó bá mú Ṣadé, kó yà mú Káyọ̀dé àbúrò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ti délé kí o tó rí ọkọ̀ wọ̀. O ti sọ fún mi pé Ṣẹ́gun kò mọ irun dì. Kó lọ kọ́ ọ. Bí kò bá lè kọ́ ọ, ẹ máa di í lọ́jọ́ Sátidé. Mo pè é lánàá láti bi í léèrè, ó ní, "Mọmi, ìrẹsì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè o." Mo ní kó sè é. Ọmọ tó jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ márùn-ún tó sì sùn dáadáa, màá wò ó, kò ní sí ohun tí yóò ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún. Ìwọ náà. Wọ ẹ̀wù tí wọ́n ń fún èrò ọkọ̀ ojú omi, kí o so ó dáadáa, má tì í sábẹ́ apá torí aṣọ rẹ. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ bọ́ọ̀sì. Tó bá pẹ́ jù, wá sùn lọ́dọ̀ mi, kí o sì pe àwọn ọmọ lórí fóònù kí wọ́n tó sùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ jókòó, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ó ń rọrùn. Tí kò bá rọrùn, ẹ kó. Ẹ má ṣe fi ọdún kan gbáko tijú bíi tiwa.

O bẹ̀rù pé Ṣadé kò ní jẹ́ ọmọ Èkó mọ́. Ọmọ mi, ilé ìwé kọ́ ló ń sọni di ọmọ Èkó. Ẹ mú un wá ní Ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù, kó bá mi lọ ẹ̀wà, kó bá mi fún omi àgbọn sí i, kó ru fréjọ̀n wa káàkiri ilé ẹbí yìí fún àwọn àgbà, kí ó sì máa kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀sán kan yóò mọ gbogbo ẹbí rẹ̀, gbogbo wọn á sì ti mọ̀ ọ́n.

Ó kù ọ̀kan, òun ló ṣòro jù fún mi láti kọ. Tí o bá gba ìmọ̀ràn mi, èmi ni mo pàdánù. Láti ọjọ́ tí a ti kọ orúkọ Ṣadé sílẹ̀ ni mo ti gbé tábìlì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ọ̀sán máa ń gùn nínú ilé yìí. Mo ti ń ro ohun tí màá sè fún un lọ́jọ́ Ajé, àti lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé mo ti wọn ohun tí mo ń sọ. Màá máa wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ yín ní gbogbo Ọjọ́rú, àárín ọkọ̀ ni màá jókòó sí.

Nígbà tí mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún àyè Ṣadé, obìnrin kan jókòó síta ọ́fíìsì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìta Fáàjì ni wọ́n ń gbé. Orúkọ ọmọ náà ló tẹ̀ lé ti Ṣadé lórí ìwé. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé láti ẹnu ọ̀nà wọn, àwọn máa ń gbọ́ agogo ilé ìwé náà. Mo kí i, mo wọlé, mo sì gba àyè náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, fúnra mi ni màá rìn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì láti sọ fún ọ̀gá pé kó ránṣẹ́ pè é.

Tí o bá ní rárá, màá dúró de Ṣadé lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, n kò sì ní dá ọ lẹ́bi láé. Ọmọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n kí o tó dá mi lóhùn, ṣe nǹkan kan fún mi. Ìsinmi ni wọ́n wà. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, má jí i. Kí ẹnikẹ́ni má jí i. Jẹ́ kó sùn títí yóò fi la ojú fúnra rẹ̀, kí o wá wo aago. Aago tó bá jí ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Kí Ọlọ́run mú yín wọ ilé náà pẹ̀lú àlàáfíà, kó sì máa mú ìwọ dé padà sọ́dọ̀ wọn lálaalẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.